Ìdíje Orin Ń Fi Ọmọ Hàn, Ta Ní Ń Tọ́ Ọ?

   

Nígbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, tó ń ṣe àjọ̀dún lónìí, ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n mú ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà yóò lè jọ dá sí. Wọ́n tún jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ń gbèrò láti ṣe ìdíje orin àti ijó fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ohun tí mo fẹ́ sọ: àwọn olórin ọ̀dọ́ ilẹ̀ Kòríà tí àwọn ọmọ wa ń wò, ìdíje orin tí àwa náà ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n wa, àti ohun tó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kó tó dé iwájú adájọ́.

Èmi kì í ṣe olórin o. Òǹwòran ni mí, òǹwòran tó fẹ́ràn ohun tó ń wò dénú. Àwọn ọmọ ilé mi ló kọ́kọ́ fi BTS hàn mí lórí fóònù, lẹ́yìn náà wọ́n fi Blackpink hàn mí, lẹ́yìn náà Twice. Èdè wọn kò yé mi. Ohun tó mú mi dúró ni bí ọmọkùnrin méje ṣe ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jó, tí ẹni tó ń kọrin kò sì mí gúlegúle. Ẹni tó bá ti rí eégún aláré rí yóò mọ̀ pé irú ijó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́. Ìbéèrè tó wá sí mi lọ́kàn ni pé: ta ló tọ́ àwọn ọmọ yìí, ó sì gba ọdún mélòó?

Àgọ́dì àti ìdíje àwọn oníjùjú

Ìdíje orin lórí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Àgọ́dì. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ni wọ́n gbé ìdíje àwọn oníjùjú jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìwọ̀-Oòrùn. I.K. Dáíró àti Blue Spots rẹ̀ ló gbégbá orókè. Ní ọdún 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó sọ pé ìdíje ló sọ Dáíró di ènìyàn ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wò díẹ̀. Kí tẹlifíṣọ̀n tó mọ̀ ọ́n, Dáíró ti ṣe iṣẹ́ gẹ́rígẹ́rí, ó ti kiri aṣọ, ó ti ṣe lébìrà. Ó wá sí Ìbàdàn yìí, ó sì bá Daniel Òjogé ṣeré, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé jùjú dìde. Ní 1957 ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tó kọ́kọ́ pè ní Morning Star Orchestra kó tó di Blue Spots. Nígbà tí kámẹ́rà yí ojú sí i, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́, ohùn rẹ̀ ti gbó, ó ti mọ bí a ṣe ń dárí ẹgbẹ́. Ojú lásán ni tẹlifíṣọ̀n yá a. Ohun tí ojú náà rí, àwọn ọ̀gá rẹ̀ àti ìyà tó ti jẹ ló kọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ olórin Yorùbá mìíràn ni ìtàn wọn jọ èyí. Ebenezer Obey kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Fatai Rolling Dollar. Sunny Adé bá Moses Ọláìyá ṣeré, Bàbá Sàlá kan náà tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, nígbà tó ṣì ń darí ẹgbẹ́ olórin. Wasiu Àyìndé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbígbé ẹrù àti irinṣẹ́ fún ẹgbẹ́ Síkírù Àyìndé Barrister. Bó ṣe ń gbé ẹrù ló ń gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń kì ènìyàn, bó ṣe ń dá onílù lóhùn, bó ṣe ń wo ojú àwùjọ kó tó yí orin padà. Nígbà tó tó àkókò, ọ̀gá fọwọ́ sí i, ó sì jẹ́ kó máa lo orúkọ òun. Barrister fúnra rẹ̀, ọmọ tí a bí ní Ìbàdàn ní 1948, inú wéré ló ti wá, ìyẹn orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù fún sààrì nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ẹ má sì gbàgbé pé ìdíje wà nínú wéré náà. Àwọn ẹgbẹ́ máa ń pàdé, wọ́n á kọ, wọ́n á fi ife-ẹ̀yẹ dá ẹni tó borí lọ́lá. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá díje, òru mélòó ló ti fi kọrin láti ojúlé dé ojúlé kó tó dé ibẹ̀? Láti inú àwọn òru yẹn ni fújì ti jáde.

Àwọn tó borí, àti àwọn tí kò borí

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìgbà tiwa. Ní 2007, Timi Dakolo borí nínú Idols West Africa, Omawumi sì ṣe ipò kejì. Nigerian Idol bẹ̀rẹ̀ ní 2010, Yeka Onka ló gba ipò kìíní lẹ́yìn náà, Mercy Chinwo sì borí nínú ìpele kejì. Ètò náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún gbérí ní 2021, Kingdom Kroseide sì borí. Ní 2022, Progress Chukwuyem. Ní 2023, Victory Gbakara. The Voice náà dé ní 2016, A'rese sì borí. Nigeria's Got Talent fi ọmọbìnrin kékeré kan, Amarachi Uyanne, hàn wá ní 2012. Ijó tó jó lọ́jọ́ náà ṣì wà lójú mi.

Ṣùgbọ́n èyí tó wú mi lórí jù lọ nínú gbogbo wọn ni Project Fame West Africa, tó wáyé láti 2008 títí di 2016. Iyanya ló borí lọ́dún àkọ́kọ́, Praiz wà lára àwọn tó tẹ̀lé e, Chidinma borí ní 2010. Ní 2013, Olawale Ojo ló borí, bẹ́ẹ̀ Niniola àti Johnny Drille wà nínú ìdíje ọdún náà. Àwọn méjèèjì kò borí, síbẹ̀ òní ni a ń gbọ́ orin wọn níbi gbogbo.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Kí ló dé tí ètò kan ṣoṣo fi mú irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ jáde, tó fi jẹ́ pé ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi ló rí nǹkan mú lọ sílé? Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ hàn gbangba. Inú ilé kan ni wọ́n kó àwọn olùdíje náà sí, wọ́n sì ń kọ́ wọn lójoojúmọ́. Joke Silva, òṣèré tí gbogbo wa mọ̀, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ben Ogbeiwi ń tọ́ ohùn wọn sọ́nà. Àwọn mìíràn ń kọ́ wọn ní ijó àti bí a ṣe ń dúró lórí ìtàgé. Àṣìṣe tí ọmọ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, a ó rí i pé ó ti ń tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ ni, kò tó ọdún, ṣùgbọ́n ìkọ́ṣẹ́ ni. Àwọn ètò yòókù ń wá ọmọ tó ti mọ orin kọ. Ti Project Fame ń wá ọmọ tó lè kọ́.

Ẹ wo Mercy Chinwo náà. Nigerian Idol ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ló ti mọ orin láti ìgbà èwe, inú orin ẹ̀mí náà ló sì padà sí tí gbogbo ilé fi ń kọ orin rẹ̀ lónìí. Ìdíje ṣí fèrèsé fún un, ilé tó gbé e dàgbà ti wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí Kòríà ṣe, àti iye tó ná àwọn ọmọ wọn

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé àwọn ọmọ wa rò pé ìdíje ló gbé àwọn olórin Kòríà dé ibi tí wọ́n dé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1992, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan, Seo Taiji and Boys, lọ ṣeré níwájú àwọn adájọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n MBC níbẹ̀. Máàkì tó kéré jù lọ ni àwọn adájọ́ fún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ra orin wọn bí ẹni ra omi nígbà ọ̀dá, orin wọn sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ibi tí K-pop, orin ọ̀dọ́ Kòríà yìí, ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi SM ti Lee Soo-man bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ sílé, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní orin, ijó, àti èdè ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n tó jẹ́ kí ayé rí wọn. H.O.T. jáde bẹ́ẹ̀ ní 1996.

Jihyo, olórí ẹgbẹ́ Twice, lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Ọmọdé ni nígbà tó wọlé. Ìdíje tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ́ Sixteen ni wọ́n fi yan àwọn ọmọ Twice ní 2015, nítorí náà ẹni tó bá wo ìdíje yẹn nìkan yóò rò pé oṣù díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni. BTS jáde ní 2013 láti ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí kò lówó bíi ti àwọn ńlá. Ó di 2018 kí àwo orin wọn tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹ̀kọ́ wọn tọ́ sí wa. Kódà ó ti ń kan ilé wa: ọmọ tí a bí ní Senegal, Fatou, wọ ẹgbẹ́ Blackswan ní 2020, ó sì ń kọrin ní èdè Kòríà. Ilé Àṣà Kòríà wà ní Abuja láti 2010, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń lọ díje nínú orin àti ijó K-pop. Nígbà tí mo bá rí àwọn ọmọ tó ń fi àṣálẹ́ kọ́ ijó náà ní àgbàlá, inú mi dùn sí iye ìgbà tí wọ́n ń tún ìgbésẹ̀ kan ṣe. Ẹ má lé wọn. Ọmọ tó lè fi wákàtí mẹ́ta tún ìgbésẹ̀ kan ṣe ti ní ohun tí owó kò lè rà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ojú kan wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ náà sanwó fún ògo tí à ń rí. Ní 2009, mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún TVXQ gbé ilé-iṣẹ́ wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́tàlá. Ọdún mẹ́tàlá! Ọmọ tó tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò di baba ọmọ kó tó gba òmìnira. Lọ́dún kan náà, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìdókòwò gbé ìwé àdéhùn àwòkọ kalẹ̀ tó fi ọdún méje ṣe òpin. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìyẹn. Sunny Adé tiwa náà bá ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, African Songs, dé ilé ẹjọ́ lórí àdéhùn ní àárín àwọn ọdún 1970, kó tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú àwọn ẹgbẹ́ olórin wa àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló fi ìgbà èwe sin ọ̀gá tí kò fún wọn ju owó ọkọ̀ lọ. Ìkọ́ṣẹ́ dára. Ìkọ́ṣẹ́ tí kò ní òpin, tí kò ní owó oúnjẹ, tí òbí kò mọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀, ìwọ̀fà ni.

Ìbò òǹwòran àti ọ̀rọ̀ adájọ́

Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje òde òní, òǹwòran ló ń dìbò. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó ń jẹ́ kí a rò pé ọmọ náà jẹ́ tiwa. Síbẹ̀, ìbò àti iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ tó ní ará púpọ̀, tí ìlú rẹ̀ kóra jọ, tí ìjọ rẹ̀ ń kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò ní ìbò ju ọmọ tó mọ orin kọ ṣùgbọ́n tí kò lẹ́ni. Ní Kòríà, ọ̀rọ̀ ìbò di ẹjọ́. Ètò tí wọ́n ń pè ní Produce 101 lórí Mnet bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ará ìlú ló ń yan àwọn tí yóò wọ ẹgbẹ́ olórin tuntun. Ní 2019 ni àṣírí tú pé wọ́n ti ń yí èsì ìbò náà po. Ilé ẹjọ́ rán olóòtú rẹ̀, Ahn Joon-young, lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì ní 2020. X1, ẹgbẹ́ ọmọkùnrin mọ́kànlá tó jáde láti inú ìpele tó kẹ́yìn, tú ká ní oṣù Kìíní ọdún náà, wọn kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ṣiṣẹ́ takuntakun láàárín wọn jẹ nínú ìtìjú tí wọn kò dá. Àwọn ọmọ náà ló ń dùn mí jù nínú ìtàn yẹn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti adájọ́. Nǹkan kan wà tó máa ń bí mi nínú nínú àwọn ìdíje yìí, níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe é: ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ àwọn ọmọ tí ohùn wọn kò dára síta, wọ́n á gbé wọn sórí tẹlifíṣọ̀n kí orílẹ̀-èdè lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ ènìyàn ni. Ó ní ìyá tó ń wò ó. Yorùbá mọ bí a ṣe ń ṣe ìdájọ́ eré kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. Níbi tí àwọn ọdẹ bá ti ń sun ìjálá, bí ẹnì kan bá ṣi oríkì kì tàbí tó fi ìtàn ìdílé kan sí ibi tí kò yẹ, ọ̀jọ̀gbọ́n ìjálá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò dá a dúró níbẹ̀, yóò sì pè é níjà lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí wọ́n pè níjà náà lẹ́tọ̀ọ́ láti fèsì, láti sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ nípa rẹ̀ dáadáa nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tó jáde ní 1966. Ìdájọ́ yẹn le, ó lè ta ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n onísùn-ìjálá ló ń dá onísùn-ìjálá lẹ́jọ́, ẹni tó bá sọ pé o ṣì í gbọ́dọ̀ lè kì í bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá fẹ́ yan adájọ́ fún ìdíje yín, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá. Kì í ṣe ẹni tó gbajúmọ̀ nìkan.

Ohun tó kù lọ́wọ́ wa

Àwọn ẹgbẹ́ oníjùjú ńlá tó ń gba ọmọṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, ti dínkù. Ọmọ tó fẹ́ kọrin lónìí ń lo kọ̀ǹpútà nínú yàrá, òun nìkan. Ó lè mú orin dídùn jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ohùn rẹ̀ ń rì ní ìparí ìlà. Ilé tó kù tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní orin láìgbowó ní Ìbàdàn kò ju mẹ́ta lọ lójú mi: ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ilé kéwú, àti agboolé àwọn Àyàn. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin ni ilé-iṣẹ́ olórin tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń darí akọrin yín, ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe, kí ẹ sì sanwó rẹ̀.

Nípa ìdíje tí ẹgbẹ́ yìí fẹ́ ṣe, èyí ni àbá tí mo mú wá. Ẹ má fi ọjọ́ kan ṣe é. Ẹ pe àwọn ọmọ náà ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, kí wọ́n máa pàdé nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn onígìtá àti onílù àgbà wà ní ìlú yìí tí wọ́n jókòó sílé láìríṣẹ́. Ẹ pè wọ́n, ẹ fún wọn lówó tó nítumọ̀, kí wọ́n kọ́ ọmọ. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ẹ̀bùn ńlá fún ẹnì kan, ẹ pín in, kí ìdá tó pọ̀ jù lọ lọ sí ẹ̀kọ́ gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí oníjó K-pop wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígángan, kí wọ́n jọ gbọ́ ara wọn. Mo fẹ́ rí ọ̀dọ́ tó ń jó bíi ti Kòríà tí onígángan wá ń fi ìlù darí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ fún mi wò, ó sì wù mí púpọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá láti ibikíbi pẹ̀lú ìwé àdéhùn fún ọmọ yín, ẹ̀yin òbí, ẹ gbé ìwé náà lọ fún lọ́yà. Àwọn lọ́yà kò ṣọ̀wọ́n ní Ring Road àti Dùgbẹ̀. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ọdún mélòó ni, ta ló ni orin náà, ọ̀nà wo ni ọmọ mi lè gbà kúrò. Ẹni tó bá bínú nítorí ìbéèrè yìí, ẹ má fi ọmọ lé e lọ́wọ́.

    Mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ pé n ó dá owó sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí yóò díje. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣe é, ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà.